Sípíkà Màlíkì Elétí

Bí ènìyàn bá dé Wadata, àdúgbò kan ní Niamey, tó béèrè Àbdùlmàlíkì, wọn yóò kọ́kọ́ bi í pé Àbdùlmàlíkì wo. Ṣùgbọ́n bó bá ní Màlíkì Elétí, ọmọdé pàápàá yóò mú un dé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ibi tí takisí ti ń já èrò sílẹ̀. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ tóbi o. Ohun tí etí náà mọ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Bí o bá gbé sípíkà tó bàjẹ́ wá bá a, báfù bí àwọn ará Niamey ṣe ń pè é, kò ní kọ́kọ́ tú u. Yóò so ó mọ́ iná, yóò dijú, yóò gbọ́ ọ díẹ̀, yóò sì sọ pé, "Wáyà inú rẹ̀ ti ń ha irin," tàbí, "Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti tú lápá òsì." Bí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe bá a. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi jẹun lórí èyí, débi pé àwọn ará Ìlọrin tó wà ní Niamey a máa sọ ọ́ láàrin ara wọn pé etí Màlíkì kì í parọ́.

Wadata náà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá, àáfà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi dóńgóyárò kan. Bàbá fẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló gba ọkàn Màlíkì. Òun àti Tóyìb, ọmọ Ìlọrin bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Haúsá kan. Wọ́n jọ jẹ nínú àwo kan, ọ̀gá wọn sì tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ṣọ́ọ̀bù Tóyìb kò ju ilé mẹ́ta lọ sí ti Màlíkì. Iṣẹ́ tó bá gba ọwọ́ tó rọ̀, Màlíkì á gbé e fún Tóyìb. Èyí tó bá gba etí, Tóyìb á gbé e wá fún Màlíkì.

Sípíkà méjì kan wà nínú yàrá Màlíkì tí kì í ṣe ti oníbàárà. Ànàsáárà kan, òyìnbó Faransé tó ń kọ́ni ní yunifásítì lọ́hùn-ún ní Harobanda, ní òdìkejì odò, ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀ lọ́dún 1988. Ọdún méje ni Màlíkì fi bá a tọ́jú iná ilé rẹ̀. Sípíkà ọ̀hún ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin méjì ló ń gbé ọ̀kan, igi wọn sì ń dán bí ara ẹṣin tó yó. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Faransé ló ṣe wọ́n, ilé iṣẹ́ náà sì ti kógbá wọlé tipẹ́, nítorí náà bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára wọn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru Niamey jẹ fóòmù tó yí etí wọn ká tán. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Màlíkì lọ bá àwọn tó ń ṣe awọ ní Gamkalé, ó ra awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ, ó gé e yípo, ó sì fi í rọ́pò fóòmù. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni ohùn ìsàlẹ̀ wọn ti ní ara.

Kí ànàsáárà yìí tó lọ, ó ti gba ohùn bàbá Màlíkì sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣe wáàsí. Ẹ̀rọ ńlá ló fi gbà á, ó sì dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fún ọmọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá náà kú. Láti ìgbà yẹn, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Màlíkì á wẹ̀, á tẹ́ ẹní síwájú sípíkà méjèèjì, á jókòó sáàárín. Ohùn bàbá rẹ̀ kì í ti ara ti ọ̀tún wá, kì í sì í ti ara ti òsì wá. Agbedeméjì wọn, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri, ló ti máa ń wá, bí ẹni pé bàbá jókòó síbẹ̀. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń gbọ́ bí ahọ́n rẹ̀ ṣe ń kan eyín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń gbọ́ tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀, tín-ín, tín-ín, bí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣe ń bọ́ lu èkejì. Rùqáyyà ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é lákòókò yẹn, ìbáà ṣe pé ilé ń jó.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n Màlíkì obìnrin kú ní Ìlọrin. Bó ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó rí i pé awọ etí sípíkà kan ti ń ṣí. Ó fún Tóyìb ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. "Bá mi lẹ̀ ẹ́ kí n tó dé," ló wí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló rò pé òun yóò lò. Ibà dá a dúbúlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó di oṣù kan ààbọ̀, abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó fi padà dé Niamey, aṣọ rẹ̀ ti gbòòrò mọ́ ọn lára, ariwo kan sì ń hó nínú orí rẹ̀ bí omi orí iná. Ó ka ìyẹn sí àárẹ̀ ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, ó tẹ́ ẹní, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ohùn bàbá rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ nípọn bò lẹ́nu. Màlíkì ń retí tẹ̀súbáà. Ó retí rẹ̀ títí wáàsí fi parí.

"Rùqáyyà! Wá gbọ́ nǹkan yìí. Wọ́n ti ba sípíkà mi jẹ́."

Rùqáyyà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí. "Bàbá Fàìsàt, bó ṣe máa ń dún náà ló ń dún lójú tèmi o."

"Kí ni etí tìẹ mọ̀?"

Nínú sípíkà bẹ́ẹ̀, kékeré kan wà lókè tí kò ju ẹnu ife lọ. Tùwítà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé ohùn tó tínrín jáde, ohùn ẹyẹ, ohùn ìlẹ̀kẹ̀. Màlíkì mọ̀ pé irú tùwítà tòun ti wọ́n láyé, àti pé àwọn ànàsáárà tó ń wá a kiri pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti mú kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́.

Ó wọ bàtà, ó gba ṣọ́ọ̀bù Tóyìb lọ.

"Awọ ni mo lẹ̀," ni Tóyìb wí. "Mi ò fọwọ́ kan tùwítà. Bóyá wáyà ló jẹrà. Jẹ́ kí n wá bá ọ wò ó."

"Kí o wá fi èyí tí o jí pààrọ̀ rẹ̀ padà kí n má mọ̀?"

Tóyìb gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Màlíkì, gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Màlíkì kò gbé e mì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sán ọjọ́ náà, lójú gbogbo ènìyàn nínú ọgbà mọ́sáláṣí, ó kéde pé Tóyìb ti yọ inú sípíkà òun tà, ó sì ti fi gbàrọgùdù dípò rẹ̀. Alájì Mùhàmmádù, tó jẹ́ àgbà àwọn ará Ìlọrin ní Wadata, pe àwọn méjèèjì síwájú.

"Ta ló rí i nígbà tó yọ ọ́?" ni Alájì béèrè.

"Kò sẹ́ni tó rí i. Etí mi ló gbọ́ ọ."

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ parí sí, nítorí ta ni yóò bá etí Màlíkì jiyàn? Tóyìb fi Ọlọ́hun búra lẹ́ẹ̀mẹta pé òun kò mọ nǹkan kan. Bó ṣe ń búra ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n ọwọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn gbé lọ sílé, wọn ò gbé ìbúra lọ. Ta ni yóò gbé rédíò rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ní ó ń yọ inú nǹkan tà? Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Tóyìb ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, òun àti Àbẹ̀ẹ́bí ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù gba orí afárá Kennedy kọjá sí Harobanda.

Màlíkì náà kò rí oorun sùn. Gbogbo ohun tó bá ti dún nínú sípíkà yẹn ló ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu àpò ìyẹ̀fun. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ó gbé sípíkà kúrò lára ògiri, ó tún gbé e padà. Níkẹyìn ó pinnu láti tú tùwítà méjèèjì, kí ó lè fi èrú inú wọn han gbogbo ayé. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n láti ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tú. Ó fi abẹ ṣí wọn. Wáyà inú wọn kò nípọn ju irun orí lọ. Ti àkọ́kọ́ já mọ́ ọn lọ́wọ́, ti ìkejì ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó sì rí nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe wọ́n fi yíǹkì kọ sẹ́yìn wọn. Nọ́ńbà náà bá èyí tó wà nínú àpótí igi sípíkà mu, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wò ó. Ó tún nọ́ńbà náà kà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé Tóyìb gbọ́n, Tóyìb lè kọ nọ́ńbà. Ó dì wọ́n sínú àkísà, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Fàìsàt ọmọ rẹ̀ ló bá a wá òmíràn lórí fóònù. Líséè kan, ilé ìwé girama níbẹ̀, ni Fàìsàt ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, Faransé sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju Yorùbá lọ. Ó rí bàbá arúgbó kan ní Bẹ́líjíọ̀mù tó ní irú rẹ̀ gan-an méjì. Màlíkì ta alùpùpù rẹ̀ láti rà wọ́n. Oṣù méjì ni wọ́n fi wà lọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n dé, ó ṣàlùwàlá kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó fi wọ́n sípò, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Bí aṣọ nípọn ṣe bo bàbá rẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló bò ó.

Ó ké. Rùqáyyà ní òun kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀. "Olè ni gbogbo wọn! Ará Bẹ́líjíọ̀mù pàápàá, olè ni!"

"Pàpá, ẹ fara balẹ̀," ni Fàìsàt wí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ áńpù. "Ohùn kan ló máa jáde. Á máa ga sí i, á máa tínrín sí i. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ mọ́, ẹ nawọ́."

Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ohùn akọ màlúù, ilẹ̀ yàrá gbọ̀n. Ó gòkè, ó di ohùn fèrè, ó tún ń gòkè. Màlíkì ń mi orí. Ó wá di ohun tó tínrín bí òwú, ó sì lọ pátápátá. Màlíkì nawọ́.

"Ẹ rí i! Ibẹ̀ ló ti ń kú."

Ó bojú wẹ̀yìn. Rùqáyyà fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó. Ológbò tó sùn lójú fèrèsé ti bẹ́ síta.

"Pàpá," ni Fàìsàt wí, "kò tíì kú. Ó ń dún."

Ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó rìn lọ síbi sípíkà, ó fi èékánná kan tùwítà láti mọ̀ bóyá ohùn kan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ó ti yí padà," ni Rùqáyyà wí.

Ó gbé èékánná kúrò.

"Ó ti bọ́ sípò."

Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹrin, Rùqáyyà kàn ń mi orí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà tí wọ́n lọ rí ní Plateau, àdúgbò kan ní Niamey, sọ ọ́ fún un ní Faransé, Fàìsàt sì tún un sọ ní Yorùbá tó mọ. Iṣan tó ń gbé ohùn tínrín lọ sínú orí ti kú ní etí méjèèjì. Ó lè jẹ́ ibà ló fà á, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tó fi fara mọ́ sípíkà. Kò ní í padà. Bóyá yóò tún máa lọ sí i.

Kì í ṣe etí ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn Màlíkì nínú takisí tó gbé wọn padà. Ọwọ́ Tóyìb tó ń gbọ̀n ni.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi jáde. Ewúrẹ́ ló ń jẹ oúnjẹ dàmbú tí Rùqáyyà ń gbé síwájú rẹ̀. Ó ń rò ó pé àwọn mẹ́ta inú ilé péré ló mọ̀. Bí òun bá dákẹ́, orúkọ òun wà síbẹ̀, iṣẹ́ wà síbẹ̀. Bí òun bá la ẹnu, ta ni yóò gbé sípíkà fún adití? Lẹ́yìn náà á wá rò ó pé ìbá sàn kí ibà Ìlọrin ti gbé òun lọ.

Ní ọjọ́ kejìlá, Rùqáyyà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo lọ sí Harobanda lánàá. Mo rí Tóyìb. Bíríkì sìmẹ́ńtì ló ń bá wọn mọ nínú oòrùn. Ẹni tí wọ́n ń gbé aago wá bá tẹ́lẹ̀, Bàbá Fàìsàt. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi yóò sọ ọ́."

Ó dìde, ó wọ jàlámíà rẹ̀.

Ní Harobanda, Àbẹ̀ẹ́bí ló kọ́kọ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i. "Kí ló tún sọ nù?" ló bi í.

Màlíkì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń mọ bíríkì. Sìmẹ́ńtì ti sọ irun Tóyìb di funfun, ọwọ́ tó rọ̀ yẹn ti le dé ọrùn ọwọ́.

"Tóyìb, kì í ṣe tùwítà. Etí mi ni. Etí mi ló kú."

Tóyìb ń po sìmẹ́ńtì lọ. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ méjìlá nìyí."

"Ìgbà tí o fi abẹ tú wọn ńkọ́? Mo gbọ́ pé o tú wọn. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn wọn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́jọ́sí pé ànàsáárà ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó lè parọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí nígbà tó tú wọn. "Mo rí i," ni Màlíkì wí. "Ó bá ti àpótí mu."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Tóyìb na ẹ̀yìn, ó gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀. "Ṣé o rí i, etí lè tan ènìyàn jẹ. Mi ò ní bínú sí etí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ lo fi rí nọ́ńbà."

Màlíkì kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn tó ń mọ bíríkì dá iṣẹ́ dúró. "Kí ni kí n ṣe?"

"Dìde. Kì í ṣe ibí ni o ti pè mí lólè."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Màlíkì dúró nínú ọgbà mọ́sáláṣí níbi tó ti dúró lọ́jọ́ kìíní. Ó sọ ọ́ tán láìbo nǹkan kan: abẹ́rẹ́, fóònù Fàìsàt, dókítà, àti nọ́ńbà tó rí tó fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Tóyìb kò jalè. Èmi ni mo jí orúkọ rẹ̀. Ẹ má gbé ohun tó nílò etí wá bá mi mọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn pariwo pé, "Sípíkà tèmi tí o tún ṣe lóṣù tó kọjá ńkọ́?" Alájì Mùhàmmádù tẹ orí ba, nítorí òun náà ló dá ẹjọ́ ọjọ́ yẹn. Tóyìb kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀bù Màlíkì dá páropáro. Àwọn tó ti gbé nǹkan sọ́dọ̀ rẹ̀ wá kó o. Bó bá ń kọjá, àwọn ọmọ á máa sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ohùn jáde, wọn á kàn máa mi ètè, láti wò ó bóyá yóò dáhùn. Àwọn ìgbà mìíràn, ó dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun alásárì, Tóyìb wá. Kò wọlé. Ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ takisí tó gbé e wá. "Gbé àwọn tùwítà tí o fà ya wá kí n rí wọn."

Màlíkì sáré wọlé, ó gbé wọn jáde nínú àkísà wọn. Tóyìb gbé ọ̀kan sókè sí oòrùn, ó yí i, ó fi èékánná tọ́ ojú wáyà. "Èyí lè jí. Bí mo bá rí wáyà tó fẹ́lẹ́ tó. Èkejì ti lọ." Ó di méjèèjì sínú áńkáṣíìfù. "Má rò pé nítorí tìẹ ni. Àwọn wọ̀nyí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Rùqáyyà gbé omi wá. Tóyìb mu ún lórí ìdúró, ó dá ife padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tóyìb," ni Màlíkì pè é, "ṣé wàá padà sí Wadata?"

Tóyìb ti ń ṣí ilẹ̀kùn takisí. Ó yíjú padà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Màlíkì rí ètè rẹ̀. Takisí ń kùn, ọ̀nà kún fún ariwo, ohun tó wà nínú orí rẹ̀ sì ń hó. Ojú tì í láti ní kó tún un sọ. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, takisí sì gbé Tóyìb lọ.